Ta Ló Da Áásìdì sí Ara Ajá Báláú?

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni alágbàfọ̀ tí gbogbo àdúgbò wa ń pè ní Báláú. Wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí pé bí oníbàárà bá gbé aṣọ kalẹ̀, tó bi í pé ṣé ìdọ̀tí ọrùn rẹ̀ yóò lọ, èsì kan ṣoṣo ló máa ń fún un: "Funfun báláú." Bí aṣọ náà bá dúdú ńkọ́? Báláú náà ni.

Ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn ńlá kan ló ti kọ́ṣẹ́, nígbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Aṣọ ibùsùn àwọn aláìsàn ni wọ́n ń kó fún wọn nínú apẹ̀rẹ̀ onírin, èyí tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ àti èyí tí ọyún egbò ti sọ di gbagidi bíi páálí. Ọ̀gá tó kọ́ wọn níṣẹ́ a máa na ìka sí ìkòkò omi híhó, a ní, "Ohun tí omi gbígbóná àti bílíìṣì kò bá pa, ẹ fi í sílẹ̀, kò ní kú mọ́." Bílíìṣì ni omi olóòórùn líle tí a fi ń sọ aṣọ di funfun. Ẹ̀gbọ́n mi gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ ju bí èmi ṣe gba ọ̀pọ̀ ìwàásù gbọ́ lọ, kí Olúwa foríjì mí. Láti ìgbà náà ni ara ìka rẹ̀ ti máa ń bó bí èèpo àlùbọ́sà, àárín ìka rẹ̀ a sì pọ́n. Bí mo bá ní kó fi ìpara pa á, a ní, "Ọwọ́ alágbàfọ̀ nìyẹn. Ọwọ́ tó bá ń dán, ọwọ́ ọ̀lẹ ni."

Èmi ni mo ń bá a lọ aṣọ. Yàrá ẹ̀yìn ni mo ń gbé, ṣọ́ọ̀bù wà níwájú, àgbàlá tí a ń sá aṣọ sí wà láàárín. Ilẹ̀ àgbàlá náà kì í gbẹ. Omi ọṣẹ ń ṣàn lórí sìmẹ́ńtì rẹ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́, bí a bá sì gbé ẹsẹ̀ síbẹ̀ láìṣọ́ra, ìdí ni a ó fi jókòó.

Ìfura wà lára ẹ̀gbọ́n mi bí òórùn ọṣẹ. Kò gba ojú ọ̀run gbọ́; bí oòrùn bá ràn jù, a ní òjò ló fẹ́ fi í tàn wá. Bí oníbàárà bá kí i ju bó ṣe yẹ lọ, a tú àpò aṣọ onítọ̀hún wò bóyá ó fi ohun kan sí i kó lè ní ó sọnù. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kò fura sí. Ìyẹn sì ti lọ bá Ẹlẹ́dàá rẹ̀.

Ìyàwó yìí ló gbé ajá wọ ilé wa. Ọmọ ajá aláwọ̀ ilẹ̀ kan ni, ó rí i lábẹ́ ọkọ̀ tó bàjẹ́, ó fi ìró rẹ̀ wé e wálé. Ó sọ ọ́ ní Jẹ́nsinmi. Mo bi í pé ta ni kò jẹ́ kó sinmi. Ó ní, "Ẹni tó bá yé ni mo ń bá sọ̀rọ̀." Mo fura nígbà náà pé èmi ni, mo ṣì fura di ìsinsìnyí, àmọ́ kò sí ẹni tí mo lè bi mọ́. Òun ló máa ń wẹ ajá náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, a fi aṣọ gbígbẹ nù ún, a mú un jókòó sínú oòrùn lẹ́yìn ilé títí irun rẹ̀ yóò fi gbẹ. Nígbà tó kú, ẹ̀gbọ́n mi gba iṣẹ́ náà ṣe, ó sì ṣe é bó ṣe ń ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀: lójoojúmọ́, pẹ̀lú gbogbo agbára. Omi tó kù nínú agbada aṣọ funfun ló fi ń wẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, ajá a sùn sábẹ́ okùn aṣọ, lórí àpò tí omi ń kán sí.

Ní ìkángun àsìkò òjò ni Jẹ́nsinmi bẹ̀rẹ̀ sí í họ ara. Kò kọ́kọ́ jọ wá lójú. Ta ni kì í họ ara? Nígbà tó yá, irun ìdí ìrù rẹ̀ tín-ín-rín. A rí rorẹ́ pupa níkùn rẹ̀ níbi tí irun kò pọ̀ sí, olórí funfun kékeré, ọyún sì wà nínú rẹ̀. Àwọn yẹn bẹ́, wọ́n wá di òrùka-òrùka, àárín rẹ̀ dúdú, etí rẹ̀ ń pa èépá bí awọ ẹja. Abíyá rẹ̀ náà ní in. Òórùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lára rẹ̀, bí aṣọ tó ti rẹ nínú omi pẹ́. Bí èyí ṣe ń pọ̀ sí i ni ẹ̀gbọ́n mi ń fọ̀ ọ́ sí i. Ó ń da ìdérí bílíìṣì kan kún omi rẹ̀. Ajá náà a kígbe, èmi a yíjú.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé omi yẹn kò le jù?"

"Aṣọ aláìsàn ni mo fi fọ̀ nígbà ayé mi. Ṣé ajá ló máa wá le fún?"

Mo padà sídìí aṣọ tí mò ń lọ̀.

Ó yẹ kí n sọ nípa aládùúgbò wa. Ògiri páànù kan ló là wá láàárín. Ní ìhà kejì rẹ̀ ni ọkùnrin kan tó ń fi iná sí bátìrì ọkọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Oníbátìrì ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó sì ní ẹ̀rín kan tó máa ń rín sínú imú, èyí tí ẹ̀gbọ́n mi kò fẹ́ràn. Wọ́n ti jà rí nítorí aṣọ ibùsùn kan tó lu nígbà tí a sá a sẹ́bàá páànù. Ẹ̀gbọ́n mi ní èéfín áásìdì inú bátìrì ló jẹ ẹ́. Oníbátìrì ní bílíìṣì alágbàfọ̀ ni. Láti ìgbà náà, wọn kì í kí ara wọn ju kí wọ́n húkọ́ lọ.

Ihò kan wà nísàlẹ̀ páànù náà tí Jẹ́nsinmi ń gbà kọjá. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ti ìhà ọ̀hún yọ, ó dùbúlẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n mi, ó tú ikùn sókè. Ikùn náà pọ́n bí ojú ẹni tó sunkún. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó, ó wo ihò páànù, ó tún wò ó. Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà.

Ó ní, "Áásìdì."

"Ẹ̀n?"

"Áásìdì ni. Wo bó ṣe jó o. Ṣé o rí ajá tí ara rẹ̀ mọ́ tó tiwa ládùúgbò yìí? Ajá tí mo ń fi ọwọ́ ara mi fọ̀, níbo ni àìsàn ti máa rí i? Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà."

Ọ̀rọ̀ náà bá mi lára mu. Nínú ìjọ wa, a kì í gbà pé nǹkan burúkú kàn ń ṣẹlẹ̀ lásán. Ọwọ́ ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ní ìpàdé àdúrà àwọn obìnrin, mo dìde, mo ní kí wọ́n bá mi gbà á pé kí Olúwa tú àṣírí ẹni tó ń fi ọwọ́ ìkà kan ohun ìní ẹ̀gbọ́n mi. N kò dárúkọ ajá, ojú tì mí. Wọ́n gbà á gan-an. Bí mo ṣe ń bọ̀ wálé ni ọkàn mi ń bi mí pé, bí ó bá jẹ́ pé kò sí ẹnikẹ́ni ńkọ́? Mo yára kọrin kí n má bàa gbọ́ èyí tó kù.

A wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ Oníbátìrì. Aṣọ ibùsùn àwọn oníbàárà ni a fi ṣe ìbòjú. Ẹ̀gbọ́n mi a dúró láàárín aṣọ funfun méjì tí a sá, a ya wọ́n díẹ̀ bí ẹni tó ń ya kọ́tìnnì, a máa fi ojú kan wo ihò páànù. Bó bá rẹ̀ ẹ́, a ní, "Aládùúrà, wá gbà á." Aládùúrà ni mò ń jẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Èmi náà a lọ dúró, omi aṣọ a máa kán sí mi lọ́rùn.

Èmi ni mo rí i. Oníbátìrì jókòó sórí àpótí, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó mú ife funfun kékeré kan láti ibi tí àwọn kẹ́ẹ̀gì áásìdì rẹ̀ wà, ó rọ nǹkan sínú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ Jẹ́nsinmi, tó na gbalaja sórí pákó ní ìhà ọ̀hún. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí mi, n kò rí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Nígbà tó dìde, ife náà ti ṣófo.

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Kò bínú, èyí ló tilẹ̀ bà mí lẹ́rù. Ó kàn ń fi orí sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, bí ẹni tí wọ́n ka ìròyìn tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ fún.

Àmọ́ kí ó tó ṣe ohunkóhun, Ìyá Onílé sọ̀ kalẹ̀ wá. Òun ló ni ṣọ́ọ̀bù méjèèjì, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló ń gbé, kì í sì í sọ̀ kalẹ̀ fún ire. Oníbàárà kan ti wá gbé kọ́tìnnì rẹ̀ lọ láìfọ̀ nígbà tó rí ajá tó ń họ ara lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní òun kò fẹ́ kó kúrúnà wọlé òun.

Ìyá Onílé ní, "Báláú, ajá yìí kò gbọ́dọ̀ bá wa wọ oṣù tó ń bọ̀. Wọn yóò ní ilé mi ni kúrúnà ti ń jáde."

"Ìyá, kì í ṣe kúrúnà. Ọwọ́ èèyàn ni." Ó gbé ohùn sókè kí ó lè kọjá páànù. "Ẹni tó ní áásìdì nílé mọ ara rẹ̀."

Ẹ̀rín inú imú kan jáde láti ìhà kejì. Oníbátìrì fara hàn lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi èkísà nu ọwọ́. "Ìyá, ẹ bi í bóyá áásìdì mi náà ló bó ìka rẹ̀."

"Ṣé ìwọ náà ní ẹnu?"

"Ẹnu nìkan kọ́, mo ní etí. Gbogbo ohun tí ẹ̀yin àti àbúrò yín ń sọ láàárín aṣọ ẹni ẹlẹ́ni ni mò ń gbọ́."

Ìyá Onílé gbé ọwọ́ sókè. "Ó tó. Dókítà ẹran wà lẹ́yìn ibùdókọ̀. Báláú, gbé e lọ. Bí dókítà bá ní áásìdì ni, Oníbátìrì kó ẹrù rẹ̀; n kò bá ẹni tó ń da áásìdì sí ẹran gbélé. Bí kì í bá ṣe áásìdì, ajá lọ. Mo ti sọ tèmi." Ó yí padà, ó gun àkàsọ̀ lọ.

Báyìí ni ẹ̀gbọ́n mi ṣe gbé ajá lọ sọ́dọ̀ dókítà: ẹ̀rí ló ń wá lọ, kì í ṣe ìwòsàn. Mo tẹ̀ lé e. Ó fi aṣọ funfun tó mọ́ jù lọ ní ṣọ́ọ̀bù wé Jẹ́nsinmi, ó gbé e sáyà bí ọmọ. Lójú ọ̀nà, kò sọ ju gbólóhùn kan lọ: "Ìyàwó mi kò fi í sílẹ̀ fún mi kí n lọ sọ ọ́ nù."

Obìnrin ni dókítà náà, kò tíì dàgbà púpọ̀. Yàrá rẹ̀ kéré, tábìlì onírin kan wà láàárín rẹ̀. Kí ajá tó délẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ti ní, "Dókítà, áásìdì ni wọ́n dà sí i. Ìwé lásán ni mo fẹ́ kí ẹ kọ."

Dókítà ní, "Ẹ jẹ́ kí ajá náà kọ́kọ́ sọ tirẹ̀, bàbá."

Ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó wo etí, ó la àárín ìka ẹsẹ̀, ó gbé ìrù. Ó fi abẹ fá ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó gbé ohun tó fá sábẹ́ ẹ̀rọ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, ó wò ó títí. Ó fi gíláàsì pẹlẹbẹ kan tẹ ojú egbò, ó tún wo ìyẹn náà. Èmi jókòó síbi ògiri, mo di ojú. Mo fẹ́ gbàdúrà, n kò mọ èyí tí ǹ bá gbà. Bí mo bá ní kó jẹ́ áásìdì, mò ń bẹ Olúwa pé kí ènìyàn kan jẹ́ ìkà. Bí mo bá ní kó má jẹ́ áásìdì, mò ń bẹ̀ ẹ́ pé kí a gba ajá lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Mo la ojú láìsọ nǹkan kan.

Dókítà ní, "Kì í ṣe kúrúnà, n kò rí kòkòrò kúrúnà. Kì í sì í ṣe áásìdì."

"Dókítà, ẹ tún un wò."

"Bàbá, òkè ni wọ́n ti ń da nǹkan sí ajá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ì bá kọ́kọ́ jó, a sì ṣàn wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ìlà-ìlà bí omi òjò lára ògiri. Ẹ wo ẹ̀yìn ajá yín, ó dá ṣáṣá. Ikùn, abíyá, abẹ́ itan, ibi tó fi ń kan ilẹ̀ ni gbogbo egbò rẹ̀ wà. Áásìdì kì í sì í fa òrùka. Rorẹ́ tó ní ọyún, tó bẹ́, tó fi èépá yí etí rẹ̀ ká, kòkòrò àìsàn tí ojú kò rí ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo rí wọn níbí, wọ́n kún bí ìṣù ẹyin. Ara gbogbo ajá ni wọ́n ń gbé, wọn kì í ṣe é ní nǹkan kan títí awọ rẹ̀ yóò fi la ilẹ̀kùn fún wọn."

"Ta ló la ilẹ̀kùn?" Ohùn ẹ̀gbọ́n mi mú. "Ẹnì kan ló là á."

Dókítà ní kí n fún òun ní aṣọ tí a fi wé ajá. Ó fi omi díẹ̀ rin igun kan rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ ìdí Jẹ́nsinmi, ó fi òòyà kékeré ya irun ìdí ìrù rẹ̀. Èérún dúdú tín-tìn-tín já bọ́ sórí aṣọ funfun náà, bí iyanrìn. A ń wò ó. Díẹ̀díẹ̀, àwọn èérún náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, wọ́n sì ń tàn ká pẹ̀lú àwọ̀ pupa rúsúrúsú.

Ẹ̀gbọ́n mi fi ìka kan án. Ọkùnrin tó ti fọ aṣọ ilé ìwòsàn, ẹ kò lè kọ́ ọ ní èyí.

Ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ ni."

"Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni. Kòkòrò kékeré tó ń fò nínú irun ló ń mu ún, ìgbẹ́ wọn nìyí. Wọ́n bù ú jẹ, ara yún un, ó họ ọ́. Ìyẹn nìkan, ara ajá lè gbé e. Kí lẹ fi ń wẹ̀ ẹ́?"

Ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ pa orí ajá náà. Dókítà na ọwọ́ kọjá tábìlì, ó mú ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ó yí i ká síbi iná. Ìka tó bó. Àárín ìka tó pọ́n.

Ó ní, "Ohun tó ṣe ọwọ́ yìí ni, àbí?"

Mo ti mọ ẹ̀gbọ́n mi láti ìgbà tí mo ti mọ ara mi, n kò rí i kí ó má mọ ibi tí yóò fi ojú sí rí. Ó ní òun ń fọ̀ ọ́ dáadáa ni. Ó ní ojoojúmọ́ ni. Dókítà ní ojoojúmọ́ yẹn gan-an ni. Ọṣẹ aṣọ àti bílíìṣì ń bọ́ epo ara tó ń dáàbò bo awọ, ọ̀rinrin tó ń sùn lé a sì mú awọ náà rọ̀ bí búrẹ́dì inú omi. Ibi tó ti ń họ ara ni àìsàn gbà wọlé. Ó sọ̀rọ̀ náà pẹ̀lẹ́, kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fún wa ní oògùn oníhóró, ó ní kí a lò ó tán pátá, kódà bí ara rẹ̀ bá ti dá, nítorí ẹni tó bá dá a dúró lágbedeméjì ń kọ́ àìsàn náà lọ́gbọ́n ni. Ó fún wa ní ọṣẹ ajá: kí a fi pa á, kí a jẹ́ kó pẹ́ lára rẹ̀ díẹ̀, kí a fi omi lásán ṣàn án títí kò ní yọ̀ mọ́, kí a wá nù ún gbẹ dé abíyá àti àárín ìka. Oògùn ìpakòkòrò wà fún ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, ìyẹn yóò máa wáyé lóṣooṣù. Bílíìṣì, kò gbọ́dọ̀ kàn án mọ́ láé.

"Èyí tó ju gbogbo rẹ̀ lọ, kó máa sùn síbi gbígbẹ. Kí ẹ sì máa tú irun ikùn rẹ̀ wò láràárọ̀. Bí ẹ bá tètè rí rorẹ́ kan, ẹ kò ní rí ogún."

Ẹ̀gbọ́n mi ń ká aṣọ tí ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Ó ní, "Dókítà. Ẹ kò lè kọ ọ́ pé ó lè jẹ́ áásìdì? 'Ó lè jẹ́', bẹ́ẹ̀ náà ni. N kò ní kí ẹ purọ́."

Obìnrin náà wò ó. "Bàbá, ta ni wọ́n fẹ́ lé kúrò?"

A jáde.

Ojú ọ̀nà náà gùn. Mo mọ ohun tó ń rò, nítorí èmi náà ń rò ó. Kò sí ìwé lọ́wọ́ wa, àmọ́ ẹnu wà. Ìyá Onílé gba ẹ̀gbọ́n mi gbọ́. Ó ti ń fọ aṣọ rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ń fi èédú lọ aṣọ. Gbólóhùn kan péré, Oníbátìrì a kó ẹrù, Jẹ́nsinmi a dúró.

Ìyá Onílé ti jókòó lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù nígbà tí a dé, Oníbátìrì dúró, ó fara ti òpó. Kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

"Kí ni wọ́n wí?"

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ajá kalẹ̀. Ó wò mí. N kò ṣẹ́jú sí i, n kò mi orí. Mo kàn dúró, ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá mira, èmi ni n óò yàn fún un.

Ó ní, "Kì í ṣe áásìdì."

"Kí wá ni?"

"Ọṣẹ ni."

"Ọṣẹ ta?"

"Ìyá, alágbàfọ̀ mélòó ló wà nílé yìí?"

Jẹ́nsinmi jókòó, ó họ etí rẹ̀.

Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èyí tó kù, pé kò ní ran aṣọ oníbàárà, pé yóò san bí a bá fún un ní oògùn, pé ibi gbígbẹ nìkan ló kù. Ìyá Onílé na ọwọ́ sí àgbàlá wa, níbi tí omi ti ń dán lórí sìmẹ́ńtì. "Níbo ló gbẹ níbẹ̀? Fi hàn mí. Ọ̀rọ̀ mi kò yí padà. Bí kò bá ríbi gbígbẹ sùn, kó lọ kí oṣù tó parí."

Ẹ̀gbọ́n mi wo ilẹ̀. Nígbà tó gbé orí sókè, Oníbátìrì ló kọjú sí.

"Ife funfun yẹn," ó ní, "kí lò ń rọ fún un?"

"Omi. Omi mímọ́ tí mò ń bù sí bátìrì, kò sí iyọ̀, kò sí ọṣẹ nínú rẹ̀. Òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́ lọ́dọ̀ yín. Gbogbo omi yín ló ń hó."

"Kí ló dé tí o ń wo ọ̀tún wo òsì?"

"Nítorí ẹ̀yin tí ẹ wà láàárín aṣọ."

Ìyá Onílé bú sẹ́rìn-ín, ó sì yára pa á mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Pákó rẹ yẹn gbẹ."

"Ó gbẹ."

"Ó máa ń sùn síbẹ̀."

"Lọ́sàn-án. Ó máa ń sá fún agbada yín ni." Oníbátìrì fi èkísà rẹ̀ nu ọwọ́ tí kò dọ̀tí. "Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ, pé kó máa sùn síbẹ̀ lálẹ́. Àmọ́ ẹ gbọ́. Bí rorẹ́ kan bá tún yọ lára rẹ̀ lọ́dọ̀ mi, ta ni wọn yóò mú? N kò gbà á bẹ́ẹ̀. Àwọn kẹ́ẹ̀gì mi, n óò kó wọn lọ sígun kejì, n óò fi pákó dí wọn. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, ẹ̀yin fúnra yín ẹ wá, ẹ tú ikùn rẹ̀ lójú mi, kí a jọ rí i pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ kí n tó fà á lé yín lọ́wọ́. Nírọ̀lẹ́ tí ẹ bá ń gbé e bọ̀, èmi náà yóò tú u lójú yín. N kò fọkàn tán yín."

"Èmi náà kò fọkàn tán ọ."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ìyá Onílé dìde. "Mo gbà. Àmọ́ bí mo bá tún gbọ́ ariwo, ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ máa lọ, tajá tèèyàn."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láràárọ̀, kí a tó gbé omi kaná, ẹ̀gbọ́n mi a gba ẹnu ọ̀nà lọ sí ìhà kejì páànù. Mo máa ń gbọ́ wọn. "Gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yẹn." "Mo ti gbé e." "Kí nìyẹn?" "Ọmú ni. Ṣé ẹ kò rí ọmú rí ni?" "Abíyá òsì ńkọ́?" Wọ́n a tú u bí aṣọ́bodè ṣe ń tú ẹrù. Nírọ̀lẹ́, Oníbátìrì a fi iná tọ́ọ̀ṣì wo àárín ìka, a gbóòórùn rẹ̀ bóyá bílíìṣì wà níbẹ̀. Nígbà tí ara Jẹ́nsinmi bẹ̀rẹ̀ sí í dá, ẹ̀gbọ́n mi ní kí a dá oògùn dúró, ó ń fura pé dókítà kàn fẹ́ ta ọjà ni. Oníbátìrì ní bí wọn kò bá lò ó tán, òun kò gba ajá sílé mọ́, nítorí òun kò mọ ohun tí wọ́n ń gbìn sílẹ̀ láti fi mú òun lẹ́yìn ọ̀la. Wọ́n lò ó tán.

Irun ti hù sí ìdí ìrù rẹ̀ báyìí, ikùn rẹ̀ sì ti dán. Ìgbà kan ṣoṣo ni rorẹ́ tún yọ, ẹyọ kan, lábẹ́ itan. Àwọn méjèèjì rí i lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì nàka síra wọn. Ọṣẹ ajá ló pa á kí ó tó di méjì. Ìyá Onílé kò sọ̀ kalẹ̀ mọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà, oṣù tó dá sì ti kọjá.

Ní ìpàdé àdúrà, wọ́n bi mí pé ǹjẹ́ Olúwa tú àṣírí ọ̀tá náà. Mo ní ó tú u. Wọ́n yọ̀, wọ́n kọrin, wọn kò bi mí pé ta ni. Mo máa ń rò ó bí mo bá ń lọ aṣọ. A tọrọ, a sì rí gbà, àmọ́ mo ṣì ń wá ẹni tí a gbàdúrà takò. Bí wọ́n bá ní kí a gbé ohùn sókè sí àwọn tó wà lẹ́yìn ìṣòro wa, ètè mi a máa mì bíi ti gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ọwọ́ ara mi ni mo máa ń wò.

Ẹ̀gbọ́n mi ti fi ìpara sí tirẹ̀. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni.